Owó Ọ̀rá

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó sọ ohun tí ẹnu mi kò ní lè kó padà. Bí ènìyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù, tó mú mílíìkì, tó mú ṣúgà, tó mú ọṣẹ ìfọṣọ, tó kó gbogbo rẹ̀ dé orí káńtà, tó sì san owó rẹ̀ pé pérépéré láìná an, ta ló yẹ kó wá ohun tí wọn yóò fi di ẹrù náà? Bàbá tó bí mi kò bi irú ìbéèrè yìí rí títí tó fi kú. Láyé tiwọn, ẹni tó tajà ló ń di ọjà. Ẹlẹ́kọ ń fi ewé di ẹ̀kọ, alápatà ń fi ewé di ẹran, ìyá alákàrà ń fa ìwé ìròyìn ya láti fi wé àkàrà, bí o bá sì ṣe ń jẹ àkàrà ni wàá máa ka ìròyìn oṣù tó kọjá. Kò sẹ́ni tó gba owó ewé. Kò sẹ́ni tó gba owó ìròyìn.

Télọ̀ ni mí ní Ìsẹ́yìn. Àwọn ará ilé wa ń hun aṣọ òfì, èmi ń rán an, n kì í sì í ṣe ẹni tó máa ń bá oníṣọ́ọ̀bù fa wàhálà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá wọ̀nyí tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì àti ẹ̀rọ amúlétutù (ẹ má bi mí pé èwo, a jọ ń gbé ìlú ni), ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ṣírò ọjà mi tán, mo ka ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà lé e lọ́wọ́, ó sì bi mí tẹ̀ríntẹ̀rín pé:

“Ẹ fẹ́ láílọ́nù, sà?”

“Mo fẹ́ ẹ, ọmọ mi. Ọlọ́run á fún ọ lọ́kọ rere.”

“Àmín, sà. Igba náírà ni ti ńlá, ọgọ́rùn-ún ni ti kékeré.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń bá àgbàlagbà ṣàwàdà ni. Òun kò rẹ́rìn-ín. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi náà kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n fura.

“Ọ̀rá tí ẹ ó fi di ẹrù tí mo rà lọ́wọ́ yín ni mò ń wí o.”

“Òun náà ni mò ń wí, sà.”

“Ṣé kò sí ọ̀rá nínú owó mílíìkì tí mo san ni?”

“Mílíìkì nìkan ló wà nínú ẹ̀, sà.”

Ẹ gbọ́ ọ. Kí ni ènìyàn fẹ́ fi dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn? Kì í ṣe òun ló ṣòfin, owó oṣù ló ń dúró dè. Bí mo bá pariwo mọ́ ọn, ọ̀gá rẹ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù kò kúkú sí nítòsí láti gbọ́. Mo bá dúró, mo ń wo ẹrù mi, ẹrù mi náà ń wò mí, àwọn tó wà lẹ́yìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ojú sílẹ̀ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe bí wọ́n bá dé ìdí káńtà yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀dùn ọkàn náà kì í ṣe tèmi nìkan. Ààfáà kan ṣí fìlà lórí, ó to ẹyin sínú rẹ̀, ó gbé e dání jáde bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ìyá kan tú gèlè, ó fi di ìndómì àti tòmátò alágolo, ó gbé e rù, ó ní gèlè náà kò ṣiṣẹ́ tó báyìí níbi ìyàwó tí òun torí rẹ̀ rà á. Ọlọ́kadà kan kó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sínú jákẹ́ẹ̀tì, ó fa síìpù rẹ̀ dé ọrùn, kò sì lè tẹ̀ síwájú lórí alùpùpù rẹ̀ mọ́. Èyí tó dùn mí jù ni ti ọkùnrin kan tó ní kí wọ́n dá owó òun padà, òun kò ra nǹkan kan mọ́. Wọ́n dá a padà. Ó bínú gun ọ̀kadà lọ sí inú ọjà láti ra ohun kan náà, owó ọ̀kadà yẹn sì tó ra ọ̀rá méjì nínú èyí tó ń sá fún. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Kì í ṣe owó ló ń dùn ún.

Gbogbo wọn ló sì mọ ìdí rẹ̀, ìdí kálukú kò sì bá ti ẹnì kejì mu. Ẹnì kan ní ìjọba ló pàṣẹ. Ẹnì kejì ní dọ́là ni. Ẹnì kẹta, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní òfin àwọn òyìnbó lórí ojú ọjọ́ ló ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnì kẹrin kò sọ ju pé oníṣọ́ọ̀bù náà ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ìbàdàn.

Ìyàwó mi, Ìyá Ráfíù, ló kọ́kọ́ gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní, “Bàbá Ráfíù, ẹ mú àpò lọ láti ilé, kí ọ̀rọ̀ tán.” Ìmọ̀ràn ọlọ́gbọ́n ni. Mo mú àpò tí a fi ń ra elùbọ́, mo gbọ̀n ọ́n dáadáa, mo fi há abíyá, mo fi ìgboyà rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn gíláàsì. Ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ sìkiọ́rítì na ọwọ́ dí mi lọ́nà.

“Bàbá, ẹ fi àpò yín sílẹ̀ níbí.”

“Òun ni mo fẹ́ fi kó ọjà.”

“A kì í jẹ́ kí wọ́n mú àpò wọlé, sà. Àwọn olè ti pọ̀ jù.”

“Bí mo bá wá rajà tán ńkọ́?”

“Wọ́n ń ta láílọ́nù nínú, sà.”

Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn kà. Bí n kò bá mú àpò wá, mo gbọ́dọ̀ ra ọ̀rá. Bí mo bá mú àpò wá, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà torí pé mo lè jalè, lẹ́yìn náà mo gbọ́dọ̀ ra ọ̀rá. Ó fún mi ní páálí pélébé kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ láti fi gba àpò mi padà. Nígbà tí mo dé ìdí káńtà, ọmọbìnrin wa tún bi mí, mo ní àpò mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n lọ mú un wá. Mo ní ta ni yóò bá mi ṣọ́ ọjà tí mo ti sanwó rẹ̀? Ó ní òun kò lè ṣọ́ ọ, èrò pọ̀. Mo bá kó gbogbo rẹ̀ mọ́ àyà, mo fi àgbọ̀n tẹ páálí ṣúgà mọ́lẹ̀ kó má ṣubú, mo sì rọra ń rìn bọ̀. Sìkiọ́rítì yẹn náà tún nawọ́. Ó ní kí n mú rìsíìtì wá. Ẹnu ni mo fi há rìsíìtì. Ó yọ ọ́ lẹ́nu mi, ó kà á, ó fi báírò fa ìlà sí i, ó dá a padà sẹ́nu mi.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ahun ni mí o, tàbí pé n kò mọ iye tí wọ́n ń ta ọ̀rá. Èmi fúnra mi ń ra ọ̀rá. Bí mo bá rán aṣọ tán, mo ń lọ̀ ọ́, mo ń ká a, mo ń fi í sínú ọ̀rá tí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù mi wà lára rẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là, gbogbo ohun tó ti ara epo rọ̀bì àti gáàsì jáde ló gbówó lérí, ọ̀rá sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ilé iṣẹ́ Indorama ní Ẹlẹ́mẹ, lẹ́bàá Port Harcourt, ń ṣe èròjà tí a fi ń ṣe ọ̀rá níbí nílẹ̀ wa, síbẹ̀ ọjà àgbáyé ni owó rẹ̀ ń wò. Ẹni tó ń ta ọ̀rá fún mi ti fi owó kún un, ó tún fi kún un, ó sì ti sọ fún mi pé kí n má bi òun mọ́. Mo kúkú mọ̀ ọ́n lára.

Ṣùgbọ́n owó ìránṣọ ni mo fi í sí. Mo ṣírò òwú, mo ṣírò bọ́tìnnì, mo ṣírò epo jẹnẹrétọ̀, mo ṣírò ọ̀rá, mo dá iye kan lé aṣọ, oníbàárà ná an, a gbà, ó parí. Ẹ jẹ́ kí n dán an wò ní àìsùn Iléyá, kí n sọ fún ìyàwó Àlááji kan pé, “Aṣọ yín ti ṣetán, mà, ó ku igba náírà ọ̀rá.” Ṣé ẹ rò pé màá tún rí aṣọ rán ní Ìsẹ́yìn? Ọ̀rọ̀ náà á ti dé Òkèèhó kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí gan-an nìyí. Ọ̀rá tí wọ́n ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Kò sí oníṣọ́ọ̀bù tó ń ná owó bàbá rẹ̀ lórí oníbàárà. Owó ọ̀rá wà lára owó mílíìkì, gẹ́gẹ́ bí owó iná ṣe wà níbẹ̀, àti owó ẹ̀rọ amúlétutù, àti owó oṣù ọmọkùnrin tó gba àpò lọ́wọ́ mi. Àwa la ń san gbogbo rẹ̀, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá yọ ọ̀rá kúrò lára owó mílíìkì, wọ́n gbé e dúró lọ́tọ̀. Ó dáa. Ìgbà tí ọ̀rá jáde, ṣé owó mílíìkì wálẹ̀? Ó wálẹ̀ ní kọ́bọ̀ kan? Ihò tí ọ̀rá ti jáde, kí ni wọ́n fi dí i?

Ẹ sì wo ara ọ̀rá náà. Orúkọ ta ni wọ́n kọ síbẹ̀? Orúkọ wọn ni, gàdàgbà, pẹ̀lú àdírẹ́sì, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù, pẹ̀lú “ẹ ṣeun, ẹ tún padà wá.” Lásìkò ìbò, ẹni tó bá wọ fìlà olóṣèlú kiri ìlú a máa gba nǹkan díẹ̀ lórí rẹ̀. Èmi, mo gbé orúkọ oníṣọ́ọ̀bù láti ọjà dé ilé, gbogbo àdúgbò kà á, èmi náà ni mo tún sanwó.

Lórí èyí, ilẹ̀ Íńdíà ti gba ìjà mi jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, oníbàárà kan ra bàtà ní ṣọ́ọ̀bù Bata ní ìlú Chandigarh, Bata kan náà tí àwọn bàbá wa wọ̀ lọ sílé ìwé. Wọ́n fi rúpíì 3 kún owó rẹ̀ fún àpò oníwèé tí orúkọ Bata wà lára rẹ̀. Ọkùnrin náà ní rárá, òun kò lè sanwó láti polówó ọjà wọn fún wọn, ó sì gbé wọn lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n dá a láre. Wọ́n ní kí Bata dá rúpíì 3 rẹ̀ padà, kí wọ́n san rúpíì 1,000 fún ìnáwó ẹjọ́, kí wọ́n san 5,000 sápò ìrànwọ́ òfin, kí wọ́n sì san 3,000 fún ọkùnrin náà nítorí ìnira tó bá ọkàn rẹ̀. Ẹ ò rí i? Ẹ̀dùn ọkàn tí mo jókòó tí mò ń kọ lọ́fẹ̀ẹ́ níbí, wọ́n ń sanwó rẹ̀ ní Íńdíà.

Àwa náà kò ṣàì ní òfin. Òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ láti máa dáàbò bo oníbàárà sọ pé kí ẹni tó ń tajà kọ owó ọjà síbi tí ẹni tó fẹ́ rà á yóò ti rí i, kò sì gbọdọ̀ gba owó tó ju èyí tó kọ. Wọ́n kọ owó mílíìkì. Wọ́n kọ owó ọṣẹ. Wọ́n tilẹ̀ kọ owó ìṣáná. Owó ọ̀rá nìkan ni kò sí níbì kankan, àfi lẹ́nu ọmọbìnrin yẹn, lẹ́yìn tí mo ti sanwó tán.

Tíṣà wa tó ti fẹ̀yìn tì kò gbà pẹ̀lú mi. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti gba ṣòkòtò rẹ̀, ó jókòó, ó ní mo ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀wé, nítorí pé ọ̀rá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ilẹ̀ wa. Níbẹ̀ yẹn, n kò bá a jiyàn. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ lọ sí Ṣakí nígbà ọyẹ́ yóò rí ohun tó ń sọ. Afẹ́fẹ́ á gbé ọ̀rá dúdú láti ààtàn, á fi kọ́ orí igi òrí, á fi kọ́ ara ẹ̀gún, títí tí òjò yóò fi dé. Ní Gúúsù Áfíríkà, ọ̀rá pọ̀ lára wáyà àti ẹ̀ka igi débi pé wọ́n fi ń ṣàwàdà pé òun ni òdòdó orílẹ̀-èdè wọn, kí ìjọba tó fòfin mú un ní ọdún 2003 tí wọ́n sì ní kí oníbàárà máa sanwó rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, màlúù àwọn Fúlàní ń jẹ ẹ́, ewúrẹ́ wa ń jẹ ẹ́, àwọn alápatà sì ń bá a nínú ikùn ẹran. Ẹni tó ń kọ ebè nítòsí ìlú mọ̀ pé kò sí bí ọkọ́ ṣe lè wọlẹ̀ kó má fa ọ̀rá kan jáde. Odò Ògùn náà, ọ̀dọ̀ wa lápá Ṣakí níbí ló ti ṣẹ̀, ó gba Ìkẹrẹ̀ kọjá, ó gba Abẹ́òkúta, ó lọ já sínú ọ̀sà Èkó. Èkó fòfin de ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwa sì ń gbìyànjú láti fi tiwa ránṣẹ́ sí wọn lójú omi, láìgba owó mọ́tò.

Òótọ́ ni, Èkó ti fòfin dè é. Oṣù kìíní ọdún 2024 ni Tokunbo Wahab, kọmíṣọ́nà wọn fún ọ̀rọ̀ àyíká, kéde pé kò sí ike funfun tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n fi ọ̀rá tí nínípọn rẹ̀ kò tó micron 40 kún un. Àwọn aládùúgbò wa ti ṣe é ṣáájú wọn. Láti Ṣakí, ènìyàn kò rìn jìnnà kó tó bọ́ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbẹ̀ sì rèé, òfin tí wọ́n ṣe ní ìparí ọdún 2017 ti sọ ọ̀rá tí kì í jẹrà di èèwọ̀. Rwanda fòfin dè é láti ọdún 2008, tó fi jẹ́ pé wọ́n ń tú ẹrù àlejò wò ní pápákọ̀ òfuurufú nítorí ọ̀rá. Kenya tiẹ̀ le jù. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2017, ẹni tí wọ́n bá mú lè san tó mílíọ̀nù 4 owó ṣílè ilẹ̀ wọn, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 4. Ní Àbújá níbí, oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni ilé aṣòfin kékeré fọwọ́ sí àbá kan pé oníṣọ́ọ̀bù tó bá fún oníbàárà ní ọ̀rá yóò san tó ₦500,000 tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 3. Àbá náà kò di òfin. Ká ní ó di òfin ni, ẹni tí mo bá pàdé lẹ́yìn káńtà lọ́jọ́ náà ì bá máa bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fún mi ní ọ̀rá.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún Tíṣà. Mo ní, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é nítorí àyíká, ìjọba ló ń ṣòfin, gbogbo ìlú ló ń gbọ́, wọ́n sì ń sọ ibi tí owó ń lọ. Àbúrò mi tó ń gbé ní Peckham ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣàlàyé tibẹ̀ fún mi lórí fóònù. Oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ́ńsì 5 lórí ọ̀rá kan, àwọn ilé ìtajà ńlá nìkan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021 ó di pẹ́ńsì 10, ó sì kan gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ilé ìtajà ńlá gbọ́dọ̀ jábọ̀ fún ìjọba iye ọ̀rá tí wọ́n tà, ìjọba sì ń retí pé kí wọ́n fi èrè rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àánú. Iye ọ̀rá tí àwọn ilé ìtajà tó tóbi jù níbẹ̀ ń tà já wálẹ̀ ju 95 lọ nínú 100. Àbúrò mi ní òun ní àpò mẹ́wàá nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ òun, ojoojúmọ́ lòun sì ń gbàgbé wọn síbẹ̀, tí òun ń ra ìkọkànlá. Àwọn òyìnbó náà ń ráhùn o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ráhùn lé lórí.

Tiwa ńkọ́? Igba náírà mi, ibo ló lọ? Bí ó bá jẹ́ pé gọ́tà ni wọ́n fi ń kó, gọ́tà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà gan-an kún fún ọ̀rá tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà wà lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọn kò fẹ́ kí a lo ọ̀rá ni, kí ló dé tí wọ́n fi gba àpò mi lẹ́nu ọ̀nà? Bí ó bá sì jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kí a tún ọ̀rá náà lò, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é kó nípọn. Èyí tí mo padà rà, nígbà tí ọrùn ń dùn mí, ìdí rẹ̀ já kí n tó dé ibi tí ọ̀kadà wà. Agolo mílíìkì kan yí wọ gọ́tà. Ó lọ bá àwọn ará rẹ̀.

Tíṣà gbé ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní n kò ṣàìní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó ń retí ọ̀rá. Mo wò ó. Ó ní, “Ó dáa, màá fi há abíyá.”

Mo ti gbọ́ nípa ọkùnrin tó dá irú ọ̀rá yìí sílẹ̀, ará Sweden kan tí wọ́n ń pè ní Sten Gustaf Thulin, tí ilé iṣẹ́ Celloplast gba ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1965. Ọmọ rẹ̀ sọ pé nítorí igi tí wọ́n ń gé láti fi ṣe àpò oníwèé ni bàbá òun ṣe ṣe é, ó fẹ́ ohun tó lágbára tí ènìyàn lè máa lò lálòtúnlò, òun fúnra rẹ̀ a sì máa ká ọ̀kan sínú àpò aṣọ rẹ̀ kiri. Ẹni tó dá ọ̀rá sílẹ̀ gan-an kì í jáde láìmú ọ̀rá. Ohun kan ṣoṣo tó fi sàn jù mí ni pé sìkiọ́rítì kò dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ wá lọ wo àwọn ìyá wa nínú ọjà. Wọn kò lọ́rọ̀ tó oníṣọ́ọ̀bù onígíláàsì, ọ̀rá sì wọ́n fún àwọn náà. Ṣùgbọ́n ìyá elélùbọ́ yóò kọ́kọ́ bi ọ́ pé, “Ṣé ẹ ní nǹkan tí màá dà á sí?” kó tó ki kóńgò bọ elùbọ́. Bí o kò bá ní, ó ní ọ̀rá, yóò dárúkọ owó rẹ̀, wàá ná an. Wàá ní kó fi ọ̀rá náà ṣe èènì. Yóò ní èènì tí òun bù sí i kò tó ni? Ẹ ó fa á títí ẹnì kan yóò fi rẹ́rìn-ín, bóyá yóò gbà, bóyá kò ní gbà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́yìn tó ti sanwó tán. Ìyá oníwàrà, igbá lo máa gbé wá bá a. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é kí Thulin tó gbọ́njú. Nínú ọjà, mo ti sanwó ọ̀rá rí láìbínú. N kò lè ná ọ̀rá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù wa láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, n kò ní kí ẹ máa fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ owó ọ̀rá gàdàgbà sí ara ilẹ̀kùn gíláàsì yín, kí ẹni tó ń bọ̀ rí i kó tó wọlé. Ẹ jẹ́ kí a mú àpò wa wọlé. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù olè, ẹ tú u wò nígbà tí a bá ń jáde, ẹ kúkú ti ń tú rìsíìtì ẹnu mi wò. Bí a bá ti ń san owó ọ̀rá lọ́tọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lára owó mílíìkì. Bí ẹ kò bá lè yọ ọ́, ẹ yọ orúkọ yín kúrò lára ọ̀rá.

Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń rajà pẹ̀lú mi, mo ti ń kó àjákù ańkárá àti òfì jọ lábẹ́ máṣíìnì, mo sì ti ń fi rán àpò. Ó nípọn, ìdí rẹ̀ kò lè já, ó lè gba mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Owó ni mò ń tà á. Mo ti kọ iye rẹ̀ sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ tó wọlé.